Èsì: Ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin iná
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná sólà, àbí Àbújá nìkan ló ni ín. Ìpínlẹ̀ lè ṣe é. Àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ́dún 2023 ló fún wọn láyè, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Èkìtì àti Oǹdó tó múlé ti àwa ará Ọ́ṣun ti gba àkóso iná wọn lọ́dún 2024.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, ẹ má wulẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin Iná 2023 ní ẹni tó ń pèsè iná tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan (1MW, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kìlówáàtì) lọ lójú kan kò nílò láísẹ́ǹsì. Páńẹ́lì mẹ́rin orí páànù kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn! Owó bátìrì gan-an ni wàhálà. Ibẹ̀ ló yẹ káwọn aṣòfin wa l'Ọ́ṣun ti dá sí i, nítorí jẹnẹrétọ̀ ń tu èéfín sójú ẹni tó ń ra ata.