Ṣé Ọlọ́run ló jó mọ́tọ̀ máṣíìnì mi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Oṣù tó kọjá, aṣọ ẹbí èèyàn méjìlá wà lọ́wọ́ mi, ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, iná lọ, nígbà tó máa padà ó fagbára dé, mọ́tọ̀ ìdí máṣíìnì mi rú èéfín, ó parí nìyẹn. Mo ní kí n sáré lọ wá òmíràn lọ́jà Ouando, mo gun zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, òjò ti rọ̀, a ṣubú sínú ẹrẹ̀, èmi àti báàgì aṣọ tí mo fẹ́ já fún ọ̀rẹ́ mi kan kó bá mi rán díẹ̀. Oníyàwó gba aṣọ ẹ̀, ó ní kí n dá owó òun padà, owó yẹn ni mo sì fẹ́ fi dá àjọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n á ní "Ọlọ́run mọ ìdí ẹ̀, ọ̀nà ẹ̀ ò yé èèyàn". Arábìnrin kan tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n lọ wádìí ará ilé mi. Ṣé Ọlọ́run ló jó mọ́tọ̀ yìí ni? Kí ni mo ṣe fún un? Inú ń bí mi, orin ò wù mí kọ mọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?
Ìyá Télọ̀, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Kí n tó sọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó o fi kọ́ṣẹ́ dà? Tó bá ṣì wà nílé, gbé e jáde, fi òróró sí i, kí iṣẹ́ má dúró.

Ó yá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, irọ́ kọ́, ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ ni ò dáa. Wo Jósẹ́fù. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n tà á, ọmọ 30 ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò, ọdún méje ọ̀pọ̀ oúnjẹ kọjá, ìyàn ti mú ọdún méjì kó tó fẹnu ara ẹ̀ sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé Ọlọ́run ló rán òun ṣíwájú. Bá mi ṣírò ẹ̀, ọdún 22! Nínú ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ó bẹ agbọ́tí ọba pé kó jọ̀ọ́ dárúkọ òun fún Fáráò, torí òun ò ṣe nǹkan kan tí wọ́n fi ti òun mọ́ ibẹ̀. Àwa wá mú ọ̀rọ̀ ọdún kejìlélógún, a fẹ́ kì í sẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí kòtò lánàá. Èmi náà ti ṣe é rí o, nílé òkú, mo rí bí ojú obìnrin yẹn ṣe rí, àtìgbà náà ni mo ti jáwọ́.

Ṣé Ọlọ́run ló jó o? Iná tó fagbára dé ló jó o. Ilé ìṣọ́ kan wó pa èèyàn 18 ní Sílóámù láyé Jésù, ó bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n rò pé àwọn yẹn jẹ̀bi ju ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ, ó ní rárá, kí kálukú ronú pìwà dà. Kò sọ ìdí tí ilé fi wó. Ará ilé ẹ náà kọ́ ló sì ń gbé iná wá, tó o bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yẹn ẹ ò ní lè jọ jẹun mọ́, máṣíìnì ò sì ní torí ẹ̀ dìde.

Àwa ará Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà Ọlọ́run lè ṣàjèjì. Káfíńtà ni Oschoffa tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀, igi dúdú ló wọ igbó lọ wá ní 1947, ó ṣìnà, bí àwọn Sẹ̀lẹ́ ṣe ń sọ ọ́, oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ọdún yẹn ò sì tíì parí tí ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí. Ìjọ yòówù kó o máa lọ, ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni pé igi ló wá lọ. Àmọ́ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dá ẹ lágara o, ọ̀pọ̀ ló ti ṣìnà nígbó tí ohun tí wọ́n rí kò ju ọ̀nà ilé lọ, Ọlọ́run wà pẹ̀lú àwọn náà. Mọ́tọ̀ tìẹ lè má di ẹ̀rí láéláé. Ó lè kàn jẹ́ mọ́tọ̀ tó jó, kó o sì ṣì jẹ́ ọmọ ẹ̀.

Ti ìbínú, ìwọ tó jẹ́ akọrin, lọ ka Sáàmù 13, ẹsẹ 6 péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹni tó kọ ọ́ bi Ọlọ́run pé títí di ìgbà wo, orin sì ni wọ́n fi í kọ. Bínú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni kó o bínú sí, má yí i sórí àwọn ọmọ.

Tètè lọ bá olórí àjọ kó tó di ọjọ́ ìdáwó, oníyàwó náà, bẹ̀ ẹ́ kó gbà á díẹ̀díẹ̀. Tó o bá máa ra mọ́tọ̀, ra régulateur mọ́ ọn, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí iná fagbára wọlé. Kó o sì kọ̀wé sí mi tí máṣíìnì bá ti ń dún, kì í ṣe torí ẹ̀rí o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.