Níbo ni orúkọ Crowther ti wá, ṣé ti Yorùbá ni?

Rárá o, orúkọ òyìnbó ni, England ló ti wá, Ajayi Crowther ló jẹ́ kó dà bíi tiwa. Iṣẹ́ ọwọ́ ló bí i. Láyé àtijọ́, ohun èlò orin olókùn kan wà tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth, wọ́n máa ń fi ọrun fà á báyìí bíi gòjé, ẹni tó bá ń ta á ni wọ́n ń pè ní crowder tàbí crowther, bó ṣe di orúkọ ìdílé nìyẹn. Ẹ ṣáà wo Àyánkúnlé, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ti mọ̀ pé ilé onílù ni. Apá West Yorkshire ní England, lágbègbè Huddersfield, ni orúkọ Crowther pọ̀ sí jù, àwọn tó ṣí lọ Amẹ́ríkà àti Australia sì gbé e dání, Crowder náà, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tiwa wá ńkọ́? Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, wọ́n gbé e lọ Freetown, ìgbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní December 1825 ló gba orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther, odindi ẹ̀ o, àtorúkọ àtàpèlé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó pa wọ́n pọ̀. Abigail ọmọ Àjàyí ló bí Herbert Macaulay, orúkọ òyìnbó míì tún nìyẹn, Scotland lèyẹn ti wá ní tiẹ̀.