Òkú tó ń sọ̀rọ̀ láì lé oorun lójú ẹni

Àbúrò mi, o ní o kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ní iwin nínú, o pè é ní paranormal cozy, ìyẹn ìtàn ìwádìí ìpànìyàn tó tura, tí kì í dẹ́rù bani, àmọ́ tó ní iwin tàbí idán nínú, àwọn tó rà á wá ń fún ẹ ní sítáà 2 pé ẹ̀rù ba àwọn, pé kì í ṣe nǹkan táwọn sanwó fún nìyẹn, o sì ń béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ irú ẹ̀ n'Ábẹ́òkúta níbí, ojú mi sì ti rí nǹkan, torí náà jẹ́ n sọ tèmi. Mo ka ibi tó o fi síta. Iwin ẹ kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ o.

Ẹni tó ra cozy ti mọ̀ pé wọ́n máa pa èèyàn, ìyẹn ò bà á lẹ́rù. Ohun tó fẹ́ ni pé kí wọ́n ti pa á kóun tó dé, kóun má bá ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó ń wádìí ẹ̀ jẹ́ aráàlú lásán, oníṣòwò tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní àdúgbò tí gbogbo wọn ti mọra, kí ọwọ́ tẹ ọ̀daràn nígbẹ̀yìn, kóun sì lè pa iná sùn. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin ẹ̀. Láti 1989 làwọn tó fẹ́ràn irú ìwé yìí ti ń ṣe ìpàdé kan lágbègbè Washington l'Ámẹ́ríkà, Malice Domestic ni wọ́n ń pè é, wọ́n máa ń fúnni lẹ́bùn tí wọ́n fi orúkọ Agatha Christie sọ, ìwé tó bá sì kún fún ìbálòpọ̀ gbangba tàbí ẹ̀jẹ̀ àṣejù, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń wá nìyẹn. Tí iwin bá wá wọ inú ẹ̀, àdéhùn yẹn ṣì wà bó ṣe wà.

Ibi tó ti ń le fún àwa tá a wà nílé nìyí ṣá. Lọ́hùn-ún, àjẹ́ inú cozy lè ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta tíì, kó ní ológbò, kó máa po egbòogi tó ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Gbé àjẹ́ kan náà wá sí Lafẹ́nwá kó o wò ó. Ẹni tó ń kà á á ti rántí àǹtí bàbá ẹ̀ tí wọ́n pè lájẹ̀ẹ́ tí wọ́n lé kúrò nílé, ẹ̀rín ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àkúdàáyà náà, ìtàn ìbànújẹ́ ni, ìyàwó kan wà níbì kan tí òkú náà ń tàn jẹ. Oògùn owó tó o wá fi ṣí ìwé tìẹ, pẹ̀lú orí èèyàn nínú ike, jọ̀ọ́ yọ ọ́ pátápátá, à ń gbọ́ ìyẹn nínú ìròyìn, ìyá ẹnì kan ń sunkún lé e lórí lọ́wọ́lọ́wọ́, ta ló fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ sí i.

Ẹni tó kú gan-an ṣe pàtàkì ju iwin lọ lójú tèmi. Ṣebí o mọ bá a ṣe ń ṣe níbí, tí ọ̀dọ́ bá kú kò sí ìlù, kò sí aṣọ ẹbí, òfò ni. O pa ọmọ yunifásítì ní orí kìn-ín-ní, o wá ní kí iwin máa dá àpárá ní orí kejì, báwo ló ṣe fẹ́ wọlé? Fún mi ní lándílọ́ọ̀dù tó ń já iná àwọn ayálégbé, fún mi ní olówó èlé tí gbogbo ọjà jẹ ní gbèsè, afurasí á tiẹ̀ pọ̀ sí i, torí kò sẹ́ni tí ò ní ẹ̀dùn lọ́kàn sí i. Síbẹ̀ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sunkún ẹ̀ o. Olówó èlé ni mo pa nínú tèmi, ìyàwó ẹ̀ kékeré wà ní kíṣìnì tó ń gé àlùbọ́sà, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, ó ń gé e nìṣó títí àlùbọ́sà fi pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ. Ìpínrọ̀ kan péré, àmọ́ àwọn tó kà á ò yé sọ nípa ibẹ̀.

Iwin tèmi, ìyá aláró kan ni ní Ìtòkú, ikú àgbà ló kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti jó, wọ́n ti pín ike àti ìrẹsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọmọ ọmọ ẹ̀ dé ìdí ìkòkò aró, ó bá ìyá lórí àpótí, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá kì í ṣe gbẹ̀san mi, ó ní, "Ta ló po ẹ̀kọ yìí? Ó ti ki jù, ìyẹ́ adìẹ ò lè fà á." Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ ya àrà sára aṣọ àdìrẹ ló ń sọ o, kì í ṣe ti jíjẹ. Látibẹ̀ ẹni tó ń kà á ti mọ irú ilé tóun wọ̀. Òkú olówó èlé náà, mi ò sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ rárá. Fìlà ẹ̀ ṣì wà lórí, ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sì dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́, ọkùnrin tí ò fọwọ́ kan aró rí láyé ẹ̀. Mo bá tibẹ̀ lọ.

Iwin tó mọ gbogbo nǹkan tún máa ń bí wọn nínú gan-an. Tí òkú bá lè sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà, kí lèèyàn wá ń ka ojú ìwé 200 sí? Ìyá tèmi, ibi tí àdìrẹ tó fọwọ́ ara ẹ̀ rẹ bá wà nìkan ló lè ríran dé, torí náà ó rí ẹsẹ̀ ẹnì kan tó kọjá lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, kò rójú, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló máa ro ìyókù. Tí apànìyàn bá sì wá ti ọmọ náà mọ́ yàrá, kí ìyá dẹ́kun àpárá o, ibi tí ẹ̀rù ti yẹ kó wà díẹ̀ nìyẹn, tó bá ti jáde kí wọ́n wá ohun tí wọ́n máa jẹ.

Kọ́fà ńkọ́. Àwọn tó tẹ ọ̀kan nínú ìwé mi gbọ́ pé iwin wà níbẹ̀, wọ́n gbé agbárí sí iwájú ẹ̀, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ lé e, wọn ò bi mí. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn adẹ́rùbani ló rà á, wọ́n bá ìyá arúgbó tó ń rojọ́ ẹ̀kọ, inú bí wọn, àwọn tí ì bá gbádùn ẹ̀ sì rí agbárí, wọ́n kọjá lọ. Nígbà tá a fi aṣọ àdìrẹ àti ìkòkò rọ́pò ẹ̀, láì yí lẹ́tà kan padà nínú ìwé, ohun táwọn òǹkàwé ń sọ nípa ẹ̀ yí padà. Ibi tí Amazon ń jẹ́ kéèyàn kà lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀rẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó o bá fi síbẹ̀ ni wọ́n máa retí dé òpin.

O tún béèrè ológbò tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ará òkè òkun nìkan lò ń kọ ọ́ fún, fi sí i. Àmọ́ tí ológbò bá lanu sọ̀rọ̀ lóru fún ẹni tó ń kàwé l'Ábẹ́òkúta, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" ló máa pè, á sì sọ ìwé nù. Òbúkọ ni mo lò, kò sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń jẹ ẹ̀rí, àwọn èèyàn sì ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi ju ẹni tó pa olówó èlé lọ.