Ẹ Bi Wá: Ewé Lemon Balm Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Sè Bí Àgbo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin lemon balm, ewé kan tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, sẹ́yìnkùlé nítorí wọ́n ní ó ń pe oorun. Mo sè é fún wákàtí kan gbáko bí àgbo, ṣùgbọ́n bíi koríko lásán ló ń rùn. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? – Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú ọgbà o, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe ayédèrú, iná ló pa á. Epo olóòórùn inú ewé yìí kò tó nǹkan, bí omi bá sì ti ń hó, ooru rẹ̀ ló ń bá lọ. Gbòǹgbò àti èèpo igi ló yẹ kó pẹ́ lórí iná, torí pé wọ́n le. Ewé ẹlẹgẹ́ bí èyí, omi híhó là ń dà lé e lórí.

Ìwọ̀n tí European Medicines Agency, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù, là sílẹ̀ ni gírámù 1.5 sí 4.5 ewé gbígbẹ nínú mìlílítà 150 omi híhó, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kéré jù. Ewé gbígbẹ fúyẹ́ púpọ̀, ṣíbí sì lè tan èèyàn. Ẹ fi òṣùwọ̀n ìdáná wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mọ iye ṣíbí tó jẹ́. Tó bá jẹ́ tútù, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan tó fún ife kan, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ rún un díẹ̀, ẹ da omi lé e, kí ẹ sì dé ife náà pa fún ìṣẹ́jú 10. Dídé yẹn ṣe pàtàkì. Omi tó bá kán sára ìdérí, ẹ gbọ̀n ọ́n padà sínú ife, torí ibẹ̀ ni òórùn tí ẹ ń wá sá sí.

Kẹ́ ẹ má retí pé yóò dá yín dùbúlẹ̀ bí oògùn oorun o. Ìdààmú ọkàn tí kò le, oorun tí kò tètè wá, àti inú tó wú tàbí tó kún fún gáàsì ni àjọ náà gbà á fún. Ìlò àtọdúnmọ́dún ni wọ́n sì gbé e lé, kì í ṣe ìwádìí ńlá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí nǹkan ò yí padà, ẹ lọ rí dókítà.

Ṣé òun náà ni koríko ọba tí à ń sè sí ibà? – Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn

Rárá. Koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, ìbátan ìrèké ni. Lemon balm ní tirẹ̀, ìbátan efinrin àti míńtì ni: igi rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì tó kojú síra, etí ewé náà sì rí ṣágiṣàgi. Citral, èròjà olóòórùn tó wà nínú méjèèjì, ló jẹ́ kí òórùn wọn jọra. Ibẹ̀ làwọn oníjìbìtì ti rí àyè: epo lemon balm ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n, wọ́n á wá fi epo koríko ọba lú u. Ìgò kékeré tí wọ́n kọ "melissa" (orúkọ mìíràn fún lemon balm) sí lára, tí owó rẹ̀ wá já wálẹ̀ jù, ẹ fura sí i.

Àwọn èèyàn wa ní Brazil náà ní láti ṣọ́ra. Ewéko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ erva-cidreira lọ́jà wọn: lemon balm, koríko ọba, àti ewéko mìíràn tó ń jẹ́ Lippia alba.

Mo ń lo oògùn thyroid (ẹṣẹ́ inú ọrùn), ìyàwó mi sì lóyún. Ṣé a lè jọ máa mu ún? – Bàbá Àyọ̀ká, Peckham

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín, Bàbá Àyọ̀ká. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú ìgò ní yàrá ìwádìí, kì í ṣe lára èèyàn, lemon balm ń dí iṣẹ́ TSH lọ́wọ́, ìyẹn ohun tó ń pàṣẹ fún thyroid. Ní ti ìyàwó yín, kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí wọn yóò fi bímọ, tí wọn yóò sì já ọmọ lẹ́nu ọmú, torí kò sí ẹ̀rí tó tó pé kò léwu. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 náà kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó bá ń lo oògùn oorun, kó má pa méjèèjì pọ̀, kó má sì wa ọkọ̀ bí oorun bá ti ń kùn ún.

Lemon balm ti fẹ́ gba gbogbo ọgbà mi, ewé rẹ̀ sì funfun bíi pé wọ́n ku ìyẹ̀fun lé e. – Òǹkàwé kan, Leeds

Àrùn ewé tí ohun tíntìnní kan tó jẹ́ ẹ̀yà olú ń fà ni funfun yẹn. Ó máa ń mú un nígbà tí ewé bá fún pọ̀ jù, tí atẹ́gùn ò ráyè kọjá, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì gbẹ. Ẹ má fi irú ewé bẹ́ẹ̀ ṣe tíì. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ kó ewé náà dà nù, kí ẹ sì bomi rin ìdí rẹ̀ dáadáa. Yóò tún rúwé.

Irúgbìn tó ń já bọ́ ló ń jẹ́ kó gbalẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa gé e kó tó tanná. Ìgbà yẹn náà ni ewé rẹ̀ dára jù fún ìlò. Inú ìkòkò ló yẹ kẹ́ ẹ gbìn ín sí tí ọgbà yín bá kéré. Ẹ gé e láàárọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ dì í ní ìdì tín-ín-rín, ẹ so ó kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí oòrùn ò dé. Ìdì tó bá tóbi jù kì í tètè gbẹ, inú rẹ̀ á sì dúdú. Bó bá ti gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí líle, kẹ́ ẹ gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ẹ bá rún lọ́wọ́ tí kò ta sánsán mọ́, ẹ dà á sórí ààtàn.