Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Orin Wo Ni Kí Ó Ṣáájú, Èwo Ni Kí Ó Tẹ̀lé e Nínú Àwo Rọ́ọ̀kì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Ìbàdàn. A ti gba orin mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n sì ti bá wa ṣe mixing wọn (pípo àwọn ohùn inú orin kọ̀ọ̀kan pọ̀) tán. Ó ku kí a gbé wọn lọ fún mastering, ìyẹn àtúnṣe ohùn tó kẹ́yìn kí àwo tó jáde. Mẹ́ta nínú wọn falẹ̀, ọ̀kan gùn tó ìṣẹ́jú méje, méjì sì fi jìtá nìkan bẹ̀rẹ̀. Onílù wa fẹ́ kí a to gbogbo èyí tó gbóná síwájú, kí a sì kó àwọn tó falẹ̀ sẹ́yìn. Èmi fẹ́ kí àwọn orin náà wọnú ara wọn láìsí àlàfo, bí ti àwọn àwo ńlá ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ètò yìí tilẹ̀ ṣì já mọ́ nǹkan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú orin lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù? Bí ó bá já mọ́ nǹkan, báwo ni kí a ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè ṣáájú ọjọ́ mastering, nítorí ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ètò orin, tí wọ́n á sì fi ìkánjú parí rẹ̀ lórí ìdúró. Ètò orin já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ìdí ni pé ohun tí etí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tán ni ó fi ń díwọ̀n ohun tí ó ń bọ̀. Jìtá kan náà tí ó dún bí ààrá lẹ́yìn orin jẹ́jẹ́ lè má ta ẹnikẹ́ni jí lẹ́yìn orin mẹ́rin tí wọ́n ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń to àwọn orin yín yìí, iṣẹ́ orin kíkọ ni ẹ ṣì ń ṣe. Òun náà ni n kò fi lè fara mọ́ àbá onílù yín: bí gbogbo iná bá wà níwájú, kò ní pẹ́ tí etí yóò fi mọ́ ọn lára, àwọn orin mẹ́ta tó falẹ̀ yóò sì wá dà bí ohun tí ẹ kò rí ibòmíràn kó sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwo kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ nítòsí wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, ìyàwó rẹ̀ Linda, àti Denny Laine wá sí Èkó láti gba àwo “Band on the Run” sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Àwọn méjì tó kù nínú Wings, ẹgbẹ́ olórin wọn, ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí iṣẹ́ náà, ó sì jáde ní òpin ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìtàn bí àwọn olè ṣe dá tọkọtaya náà lọ́nà l’Ékòó tí wọ́n sì gba téèpù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe to àwọn orin inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún yín.

Orin tí ó ń jẹ́ orúkọ àwo náà ni ó ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ sì ní ipele mẹ́ta: ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó le sí i, lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ àwọn ohun èlò olókùn àti fèrè bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí jìtá onígi sì gba orin náà lọ sí ipele kẹta. Kí olùgbọ́ tó dé orin kejì, ó ti mọ̀ pé nínú àwo yìí, ohun gbogbo lè yí padà nígbàkúgbà, kò sì ní ya òun lẹ́nu nígbà tí “Jet” tó wúwo bá parí tí “Bluebird” tó rọra bá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù ni òpin ojú kejì. Orin kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, “Picasso’s Last Words”, tí wọ́n gbà ní sítúdíò Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìkẹjà, gbé díẹ̀ lára “Jet” àti ègbè “Mrs Vandebilt” wọ inú ara rẹ̀. “Jet” ni orin kejì, “Mrs Vandebilt” sì ni ìkẹrin. Ẹ gbé “Picasso’s Last Words” lọ sí ipò kìíní: kò sí ohùn kan tí yóò yí padà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìrántí tí wọ́n fi sínú rẹ̀ yóò ti ṣòfò, nítorí olùgbọ́ kò tíì ní ohun tí yóò rántí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “Nineteen Hundred and Eighty-Five”, tí dùùrù ń lé eré nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn ohun èlò ń gun orí ara wọn títí wọ́n fi kọlu kọ́ọ̀dù (ohùn bíi mélòó kan tó dún pọ̀) ńlá kan. Bí ariwo yẹn ṣe ń tán ni ègbè orin àkọ́kọ́ tún yọ jáde fún ìgbà díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ bá ti bá àwo náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ègbè yẹn tó lè mú yín lọ́kàn.

Nígbà tí àwo náà jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi “Helen Wheels” kún un, wọ́n sì fi í sí àárín “No Words” àti “Picasso’s Last Words”. Orin tó dára ni, Èkó náà ni wọ́n ti gbà á. Síbẹ̀, mo gbà pé ó já okùn ojú kejì: orin ìrìn àjò tó ń sáré ni, ó sì wọlé síbi tí etí ti ń múra àtijókòó.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni a ti lè kọ́ bí orin ṣe ń wọnú orin. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo jùjú Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé láti àwọn ọdún 1970 mọ̀ pé odindi ojú kan lè lọ láìdánudúró, tí orin bíi mélòó kan yóò sì wà nínú rẹ̀. Ohùn á dákẹ́, gángan á sọ̀rọ̀, jìtá á mú ohùn mìíràn wá, orin tuntun á sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń jó tó mọ̀. Ìlù tí kò dákẹ́ ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún yín ni pé nígbà tí orin kan bá ń di òmíràn, ohun kan gbọ́dọ̀ dúró. Ó lè jẹ́ ìlù, ó lè jẹ́ kọ́ọ̀dù kan tí dùùrù tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ ariwo ìta. Nínú àwo Sgt. Pepper tí àwọn Beatles gbé jáde ní 1967, igbe adìẹ ní òpin “Good Morning Good Morning” ni ó di ohùn jìtá tí ó bẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé e. Ohùn méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi gbà wọ́n sí ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rí ohun tí yóò dúró láàárín orin méjì, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà níbẹ̀. Kí ẹ kàn máa fa ohùn ọ̀kan wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé ti èkejì sókè kì í so nǹkan kan pọ̀. Ó máa ń da orin méjèèjì rú ni.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ kíì (ohùn ìpìlẹ̀, bíi A tàbí E) orin kọ̀ọ̀kan, ìyára rẹ̀, ohùn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ogún ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn nínú orin kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ogún àkọ́kọ́ nínú òmíràn, kí ẹ sì máa gbọ́ oríkèé wọn ní méjì méjì. Bí orin kan bá parí sí E tí èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ ní A, etí sábà máa ń gbà á bí ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ F ni ó bẹ̀rẹ̀ tí àlàfo sì kéré, ó lè dún bíi pé ẹnì kan ṣi kọ́ọ̀dù mú. Ìyára ni ó tún ṣòro jù. Orin oníbíìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú kan tí oníbíìtì 116 tẹ̀ lé kò yàtọ̀ tó láti jẹ́ ìyípadà, kò sì bára mu tó láti jẹ́ ìtẹ̀síwájú. Ohun tí olùgbọ́ yóò rò ni pé ó ti ń rẹ onílù. Ẹ ya orin méjì yẹn sọ́tọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn méjì tí wọ́n fi jìtá nìkan bẹ̀rẹ̀ náà jìnnà síra wọn, ó kéré tán kí orin mẹ́ta wà láàárín wọn.

Ẹ díwọ̀n àlàfo pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pẹ̀lú orin àkọ́kọ́, kí ẹ má sì dá ẹsẹ̀ dúró nígbà tí ó bá parí. Bí orin kejì bá wọlé gẹ́lẹ́ níbi tí ẹ ti máa ka “ọ̀kan”, ara olùgbọ́ yóò gbé e láìmọ̀. Bí ó bá wọlé níbi tí ẹsẹ̀ kò sí, yóò ta á jí, ìyẹn náà sì ní ìwúlò tirẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ẹ̀rọ máa ń fi sáàárín orin fúnra rẹ̀ bá bíìtì mẹ́rin mu géérégé ní ìyára 120. Ní ìyára 90, bíìtì mẹ́rin ti lé ní ìṣẹ́jú àáyá méjì àtààbọ̀, ohun tí ẹ̀rọ sì fún yín kò ní bọ́ sórí “ọ̀kan” mọ́.

Orin oníṣẹ́jú méje yín ni kí ẹ fi ṣe ìkarùn-ún tàbí ìkẹwàá. Láyé àwo oníke, ojú kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, àwo sì ní ìbẹ̀rẹ̀ méjì àti òpin méjì. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń súnmọ́ àárín àwo ni ojú ipa tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ń falẹ̀ sí i, títí ìyára yẹn kò fi ní tó ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn tó mú á sì máa dàrú. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà máa ń fẹ́ orin jẹ́jẹ́ síbẹ̀ nítorí ìyẹn. Fóònù kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n kò ní ibi ìyíjú pẹ̀lú, ẹ̀yin ni ẹ máa dá a sílẹ̀. Nínú “Abbey Road” ti 1969, John Lennon ní kí wọ́n gé téèpù “I Want You (She’s So Heavy)” lójijì bí ó ṣe ń le sí i, ibẹ̀ sì ni ojú kìíní parí. Olùgbọ́ á dìde nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, á yí àwo padà, “Here Comes the Sun” á sì bẹ̀rẹ̀. Bí ti yín bá wà ní ìkarùn-ún, ẹ fún òpin rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ tó gùn ju ti àwọn yòókù lọ, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí méje, kí orin jẹ́jẹ́ kan sì ṣí apá kejì.

Ní ti àwọn tó ń gbọ́ orin lọ́kọ̀ọ̀kan, òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí Adele, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè fún un, Spotify, ìkànnì tí a ti ń gbọ́ orin, ti yọ bọ́tìnì tó ń da ètò rú kúrò ní ipò àkọ́kọ́ lójú ewé àwo orin fún àwọn tó ń sanwó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó bá ṣí àwo yín lè gbọ́ ọ bí ẹ ṣe tò ó. Fún àwọn yòókù, ẹ fi ohun tó ń so orin méjì pọ̀ sí ìdí orin tó ṣáájú, ẹ má fi í sórí èyí tó ń bọ̀, kí orin tuntun lè máa bẹ̀rẹ̀ ní mímọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti mú un. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀kan jáde ní òun nìkan, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn tí ó ní òpin tirẹ̀.

Bí ẹ̀yin mẹ́rin kò bá tíì fohùn ṣọ̀kan, ẹ gbé e fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Kirsty MacColl, akọrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó to àwo “The Joshua Tree” fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì U2 ní 1987. Wọ́n sọ orin tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣáájú àti èyí tí wọ́n fẹ́ kí ó kẹ́yìn fún un, ó sì to ìyókù bí ó ṣe wù ú.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó fáìlì WAV (irú fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀) lọ, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ gbogbo àlàfo sí. Ẹ má gé ìdí orin kúrú. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó kẹ́yìn tán pátápátá, nítorí ohun tí ẹ bá ti gé, ẹnjiníà kò lè dá a padà. Ẹ ní kí ó to gbogbo orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ojú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó sì pín wọn láti ibẹ̀. Ẹ má sì fi MP3 yẹ oríkèé wò, nítorí ó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré kún orí àti ìdí fáìlì, àlàfo tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ sì lè má sí nínú iṣẹ́ yín rárá.