Lísìtì ti jáde kí kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀: ṣé alága wọ́ọ̀dù wa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ wa, mo sì gba fọ́ọ̀mù akọ̀wé wọ́ọ̀dù fún kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé tí ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn aláṣẹ rẹ̀, tí a ṣe ní Sátidé tó kọjá. Ní alẹ́ Jímọ̀, ọmọ tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ló tẹ lísìtì àwọn aláṣẹ tuntun. Orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, láti orí alága títí dé orí olórí ọ̀dọ́. Orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, a dúró nínú oòrùn láti aago mẹ́sàn-án. Aago méjì ti kọjá kí wọ́n tó dé. Wọ́n ka lísìtì yẹn sí wa létí, wọ́n ní Bàbá ti fọwọ́ sí i, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó dìbò. Ṣé alága tí wọ́n kà yẹn ni alága wa lóòótọ́? Ṣé a lè gbé wọn lọ sí kóòtù? Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ ń sọ pé ká ṣe kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tiwa ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ìdáhùn

Ọ̀gá mi, ẹ kú oòrùn. Ẹ ò dárúkọ ẹgbẹ́ yín, èmi náà ò sì ní bèèrè. Ohun tí ẹ kọ yìí, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ oríṣiríṣi, láti Àgége dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní èyí tó ṣe kókó, kí ẹ má baà ti lọ san owó lọ́yà kí ẹ tó ka ìyókù: ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ kò dájú pé kóòtù ni ẹ óò ti rí i gbà. Iwájú ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ yín yàn láti gbọ́ ẹ̀hónú kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni ẹjọ́ yín wà, láàárín ọjọ́ péréte tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn sì ti ń lọ.

Abala 223 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa dìbò yan àwọn aláṣẹ rẹ̀ lọ́nà ìjọba tiwa-n-tiwa, kí àárín ìdìbò kan sí èkejì má sì ju ọdún mẹ́rin lọ. Abala 82 nínú Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022, èyí tí ti ọdún 2026 ti wá rọ́pò, tún là á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tàbí àwọn aṣojú tí wọ́n dìbò yàn, gbọ́dọ̀ láǹfààní láti dìbò fún ẹni tó wù wọ́n. Ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó INEC, àjọ elétò ìdìbò, létí, ó kéré tán, ní ọjọ́ 21 ṣáájú. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, asán ni kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì náà. Mo ti ka òfin méjèèjì yìí síwá sẹ́yìn, n ò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ Bàbá.

Kì í ṣe pé mò ń bú àgbà o. Òṣèlú Èkó kì í rìn láìsí àgbà, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun dé ipò láìkí ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó lójú dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ tí àgbà fi sí nǹkan kò lè dípò ìbò ọmọ ẹgbẹ́ lójú òfin.

Àmọ́ ẹ má gbójú lé lísìtì ọjọ́ Jímọ̀ yẹn jù. Mo mọ̀ pé òun gan-an ló dùn yín jù, torí pé ẹ gbóòórùn íǹkì rẹ̀. Lísìtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ lè jókòó fẹnu kò sórí orúkọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ́nsẹ́ńsọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe, tàbí tí wọn ò ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán ni kí ẹ bèèrè. Ẹ wo ìwé òfin APC, kí n fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ: abala 20 rẹ̀ gba kọ́nsẹ́ńsọ́ọ̀sì láàyè fún ipò inú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ṣì bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ léèrè, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, yálà nípa ìbò tàbí nípa ohùn ẹnu, kó lè hàn pé kì í ṣe àfipáṣe. Ẹ lọ wo ohun tí ìwé òfin tiyín wí. Tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀hónú yín ò ní jẹ́ pé "wọ́n tẹ lísìtì lálẹ́ Jímọ̀." Á jẹ́ pé "wọ́n kà á ní aago méjì kọjá, wọn ò bi wá léèrè." Èkíní, wọn óò ní ìmúrasílẹ̀ lásán ni. Èkejì ni wọ́n máa wá èsì rẹ̀ tì.

Ẹ lè máa rò pé ta ló ń ba ara rẹ̀ jẹ́ nítorí wọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀gá mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi ẹni tiwọn síbẹ̀. Nígbà tí Adams Oshiomhole jẹ́ alága APC fún gbogbo Nàìjíríà, wọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní Etsako West, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni ìdádúró rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdádúró náà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2020. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ tú gbogbo ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe rẹ̀ ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Iyorchia Ayu ti PDP bá a pàdé lọ́wọ́ wọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní Gboko, ní ìpínlẹ̀ Benue. Ẹni tó bá ní alága wọ́ọ̀dù lápò, ó ní okùn tó lè fi so ọ̀gá pátápátá mọ́lẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kóòtù. Láti ọdún 1983, nínú ẹjọ́ Onuoha àti Okafor, ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti ní òun ò ní bá ẹgbẹ́ òṣèlú yan ẹni tó máa gbé jáde, pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ìgbà kan wà tí wọ́n dá sí i o: ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2017, àwọn ló parí ìjà Ali Modu Sheriff àti Ahmed Makarfi lórí ipò alága PDP, tí wọ́n dá Makarfi láre, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà ti fi ohun tó lé ní ọdún kan pín sí méjì. Àmọ́ lọ́dún 2025, ilẹ̀kùn yẹn sún mọ́ pípa dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, ìjà ta ni akọ̀wé gbogbogbòò PDP dé iwájú wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ó kan Labour Party: wọ́n fagi lé ìdájọ́ tó ka Julius Abure sí alága, wọ́n ní kóòtù ò láṣẹ lórí ta ni olórí ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ìhà méjèèjì ṣì ń pe ara wọn ní aláṣẹ lọ́dún náà. Tí alága orílẹ̀-èdè bá rí irú èyí, ẹ fojú inú wo ohun tí adájọ́ máa sọ fún akọ̀wé wọ́ọ̀dù ní Ṣómólú.

Ẹ tún lè gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé ọjọ́ 14 ni òfin fún yín láti pẹjọ́. Abala 285 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni ẹni náà ń wí, àwọn tó ń du àǹfààní àtijáde dupò nínú ìdìbò gbogbogbòò ló sì wà fún. Kò kan ipò inú ẹgbẹ́.

Ohun mìíràn ni pé ìwé òfin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ìyà fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sáré lọ sí kóòtù láìkọ́kọ́ gba ọ̀nà inú ilé lọ. Nínú àwọn mìíràn, lílé ni. Nítorí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ lọ sí kóòtù lẹ́yìn ọ̀la, ìwé ẹ̀hónú inú ilé ni adájọ́ máa kọ́kọ́ bi yín.

Bó bá sì wá di kóòtù náà, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Eyitayo Jegede, tó du ipò gómìnà Oǹdó lábẹ́ PDP. Ohun tó gbé wá lágbára: ó ní Mai Mala Buni, tó jẹ́ gómìnà Yobe, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún máa ṣe alága fìdíhẹẹ́ APC, àti pé bí a ṣe fa Rotimi Akeredolu kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò bófin mu. Adájọ́ méje ló jókòó ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2021. Mẹ́ta gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mẹ́rin ní ẹjọ́ ò lè dúró torí pé kò pe Buni alára mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ̀ ń sọ pé kì í ṣe alága, òun gan-an gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́, lórúkọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe nínú ìwé ẹ̀hónú.

Àní kéèyàn jàre, ó lè má kan nǹkan kan. Àwọn àgbà wa rántí ìjà Action Group ní ọdún 1962. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ S. L. Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba ẹkùn náà, ó fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀, torí lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin fọwọ́ sí pé àwọn ò tẹ̀lé e mọ́. Ẹjọ́ ọ̀hún dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì dá gómìnà àti Adégbénró láre ní oṣù karùn-ún ọdún 1963. Kí íǹkì tó gbẹ, ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ti tún òfin kọ, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, ìdájọ́ náà di pépà. Akíntọ́lá kò kúrò lórí àga.

Ní ti kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tiyín ní Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Níbo ni ẹ fẹ́ ti rí ọjọ́ 21 tí INEC gbọ́dọ̀ fi mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ lárè lọ́wọ́ lónìí, ẹ̀yin ni wọ́n máa fi ìwé ìdádúró ránṣẹ́ sí ní Mọ́ńdè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Mo gbẹjọ́ rò fún obìnrin kan láti Erékùṣù nígbà kan, ọlọ́jà ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀hónú jókòó, ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé pẹ̀lú ariwo àti ohùn WhatsApp. Òun tú etí ìró rẹ̀, ó fa tẹ́là báńkì tó fi san owó fọ́ọ̀mù jáde, ó ti pọ́ sí mẹ́rin, ó tún fa káàdì ẹgbẹ́ àti rìsíìtì owó oṣù. Alága ìgbìmọ̀ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó ka ọjọ́ tó wà lórí tẹ́là náà sókè. Wọn ò fún un ní ipò tó bèèrè. Wọ́n fún un ní òmíràn, ó sì wà níbẹ̀ títí sáà yẹn fi parí. Àwọn aláriwo lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Torí náà, ẹ wá tẹ́là fọ́ọ̀mù yín, káàdì yín, àti rìsíìtì owó ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí èèyàn márùn-ún tó wà níbẹ̀ ní Sátidé lọ búra ní kóòtù, kí kálukú kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí: aago tí wọ́n dé, ẹni tó ka lísìtì, pé wọn ò béèrè bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ọ̀rọ̀ wọn má jẹ́ ọ̀kan náà bí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ láti ilé. A máa ń mọ̀. Tí ẹnì kan bá fi fóònù ya fídíò, kó má pa á rẹ́, kó má sì gé e. Bí ó bá máa dé iwájú adájọ́, abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ìwé ẹ̀rí kan tí a gbọ́dọ̀ so mọ́ ohun tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Ọmọ tó tẹ lísìtì ńkọ́? Ọjọ́ àti aago wà lára fáìlì yẹn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti ro ó. Ẹ má yọ́ kẹ́lẹ́ lọ dà á kọ. Tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ búra, ó dáa. Tí kò bá fẹ́, ẹ fi sílẹ̀, oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n, ibẹ̀ ló ti ń jẹun.

Ẹ tún kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì INEC ní Yaba, kí ẹ bèèrè bóyá ẹgbẹ́ fi kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì náà tó wọn létí àti ọjọ́ wo, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí wọn ò bá fi tó wọn létí ní ọjọ́ 21 ṣáájú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá nìyẹn, torí òfin ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n rú, kì í ṣe ìlànà inú ilé nìkan. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i pé ìrètí kóòtù ṣì wà nìyẹn. Orúkọ wọ́ọ̀dù tó wà lọ́dọ̀ INEC ni kí ẹ kọ o. Tí ẹ bá wà lápá Bàrígà, ẹgbẹ́ lè máa pè yín ní LCDA, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú nìkan ni INEC mọ̀.

Ìwé ẹ̀hónú náà kó má ju ojú ìwé méjì lọ. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ẹ má sì dárúkọ Bàbá. Kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́rin: ọ̀kan fún ìgbìmọ̀ ẹ̀hónú, ọ̀kan fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, ọ̀kan fún alága tí wọ́n kà lórúkọ yẹn. Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí fún yín pé àwọn ti gbà á, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó gbà á. Òun ni kí ẹ mú wá bá mi.