Ta ló ni ẹrù tó kún ilé yín?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ ní ilé yín ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti kún débi pé orí ibùsùn làwọn ìbejì ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún wọn níléèwé. Ẹ fẹ́ sanwó fún obìnrin kan tó ń fi ilé títò ṣiṣẹ́ jẹ, baálé yín sì ní kí lẹ fẹ́ sanwó fún nígbà tí ẹ lọ́wọ́, tí ẹ lẹ́sẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ san án. Ẹ kàn kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà wà fún, nítorí kì í ṣe owó aláàárù.

Nígbà tí ìyá wa kú ní Kétu, èmi ni wọ́n ní kí n palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Ẹ mọ bí omi ṣe ṣòro ní ìlú yẹn látijọ́. Omi òjò ni wọ́n ń tọ́jú de ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ìyá mi kì í sọ ohunkóhun tó lè gba omi nù: àmù, garawa, àgbá, títí kan èyí tó ti là. Omi ẹ̀rọ wọ àdúgbò, ó ṣì ń tọ́jú wọn. Abọ́ tánganran tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n tò ó kan àjà. Àpótí aṣọ ẹbí wà níbẹ̀, ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà tí ẹnì kan fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò padà wá gbà.

Ẹrù yẹn kò wúwo tó ẹnu ẹbí. Ohun tí mo bá ti gbé, ẹnì kan á ní tòun ni, pé ìyá wa ti sọ fún òun kó tó kú. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí àpótí aṣọ kan. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí a wá yanjú gbogbo rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó há yàrá mọ́ ìyá wa kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ ni. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi wọ yàrá ara rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn tolé, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí mò ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí àlejò lè ṣe tí ọmọ ilé kò lè ṣe ni pé kó béèrè pé, "Ta ló ni í?" Bí ọmọ ilé bá béèrè, wọ́n á ní ó ti fẹ́ jogún. Bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ bá béèrè, wọ́n á dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn lẹ ń sanwó fún.

Kí ó bi yín lórí gbogbo nǹkan. Ohun tó bá jẹ́ ti ará ìta, ẹ pe olóhun, ẹ dá ọjọ́ fún un. Àsìkò Iléyá tàbí ọdún tuntun ló dára, ìgbà tí kálukú bá wálé. Ẹni tí kò bá wá lẹ́yìn tí ẹ ti pè é, ẹ jẹ́ kí àgbà ilé kan gbọ́ sí i kí ẹ tó gbé e jáde.

Marie Kondo, ará Japan tí ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí, ní aṣọ ni kí èèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó sì fi ohun ìrántí kẹ́yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ gan-an ni ohun ìrántí. Ta ló fẹ́ mú aṣọ ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ tún tẹ̀ síwájú? Ilé ìdáná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé: ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ilẹ̀, ìwé owó iná SBEE àti ti omi SONEB, kí gbogbo wọn wà lójú kan. Abọ́ tánganran tó pọ̀ jù, ẹ kó o fún ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò kí gbogbo yín jọ máa fi ṣe ìnáwó. Mo mọ agboolé kan ní Àjàṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàwó tó tún ń to abọ́ kan àjà níbẹ̀.

Ní tèmi, mi ò ra aṣọ ẹbí mọ́ àfi ti ẹbí tó sún mọ́ mi pẹ́kípẹ́kí. Owó ni mo máa ń fi sínú àpòòwé fún olóde. Àwọn kan bínú, wọ́n sì ti gbà báyìí. Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ pọ̀: atẹ́gùn ń fẹ́ dé ẹ̀yìn àpótí, aṣọ mi kì í bu nígbà òjò mọ́, a sì mọ bí òtútù ọ̀sà ṣe ń ṣe aṣọ ní ìlú yìí. Eku ti kó lọ. Ilé gbígbá kì í gba àárọ̀ mi mọ́.

Ẹ sọ èyí fún baálé yín pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010 lórí tọkọtaya 30 ní Los Angeles. Àwọn ìyàwó tó fi ẹnu ara wọn ṣàpèjúwe ilé wọn bí ibi tó kún rúdurùdu, kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú kì í lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ lára wọn bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Lára àwọn ọkọ, wọn kò rí irú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé kan náà lẹ jọ ń gbé, tí kò sì wúwo bákan náà lára yín.

Yàrá kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bá obìnrin náà dúnàádúrà lé, èyí tí àwọn ìbejì máa fi kàwé. Kó má gbé ohunkóhun jáde lẹ́yìn yín. Ẹ má sì ra kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ike ìkẹ́rù kankan títí ẹ ó fi rí ohun tó ṣẹ́ kù.